Ìwé Ẹ̀sùn Kẹtàdínlógún

Kò pariwo. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà
bí ẹni pé ilé àdúrà ni ọ́fíìsì wa,
yàrá méjì lókè ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan ní Òkè-Àdó,
tẹlifóònù mẹ́rin, fáànù kan tó ń mi orí
bí àgbàlagbà tí kò gba ọ̀rọ̀ gbọ́.

Mo fún un ní fọ́ọ̀mù. Mo fún un ní bírò.
"Ladidi," ló kọ síbi orúkọ.
"Sábó, lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí," síbi àdírẹ́sì.
Nígbà tó dé ibi *Kí ni wọ́n ṣe sí yín?*
ó fi ẹnu bírò kan ìwé, ó gbé e kúrò,
ó tún fi kàn án.

Ìlà mẹ́ta péré la fi sílẹ̀ níbẹ̀.
Ta ló wọn ìwọ̀sí, tó rí i pé kò ju ìlà mẹ́ta lọ?
Èmi ni. Èmi ni mo ya fọ́ọ̀mù náà.

Ó bá kúkú fẹnu sọ ọ́.
"Òru ọjọ́ Ẹtì yẹn ni mo pè yín.
Ọkọ mi ti tilẹ̀kùn mọ́ wa síta, ọmọ wà lẹ́yìn mi, òjò ń rọ̀.
Obìnrin kan gbé e. Ó kí mi, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù,
àfìgbà tí mo dárúkọ.
Ó ní, *Àwọn èèyàn yín ńkọ́? Ṣé ẹ ò lágbà ní Sábó ni?*
Adéọ̀yọ́ ni wọ́n bí mi sí, ẹ̀gbọ́n.
Yorùbá ni mo fi ń lálàá.
Mi ò wá gbowó. Kí ẹ ṣáà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ṣẹlẹ̀."

Mo mọ ohùn tó tutù bí omi àmù.
Ìyá Fadérera ni, ọdún mọ́kànlá nídìí ẹ̀rọ kejì,
ẹni tó bá ọmọkùnrin kan sọ̀rọ̀ láti aago méjì òru
títí ọmọ náà fi ní òun á dúró de ilẹ̀ tó ń mọ́.
Tí n bá ní èèyàn burúkú ni, irọ́ ni.
Tí n bá ní kò ṣe é, irọ́ ni.

Lálẹ́, mo ti fèrèsé, mo ṣí ohùn òru náà lórí kọ̀ǹpútà.
Mo wá èébú. N ò rí èébú.
Ìdákẹ́jẹ́ ni mo rí, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án,
láàárín "Ladidi" àti "àwọn èèyàn yín".
Inú ihò yẹn ni obìnrin náà bọ́ sí,
tòun tọmọ.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ikọ́.
Kì í ṣe ti Ìyá Fadérera. Kì í ṣe ti ọmọ.
Ikọ́ gbígbẹ, ẹ̀ẹ̀mejì, bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀ tó gbé e mì,
ikọ́ tí mo gbé kiri ní gbogbo oṣù Okúdù.
Tábìlì kẹta. Búrẹ́dì àti ẹ̀wà wà níwájú mi lóru yẹn.
Mo gbọ́ ọ.
Mo tún bu búrẹ́dì.

Wọ́n ní Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì.
A kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri, lókè ẹ̀rọ omi tútù.
Ẹni tó wà lórí fóònù kì í rí ògiri.
Wọ́n sì ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè
bí ẹni tó gbà á sílẹ̀.
Òwe ò sọ ti ẹni tó jókòó níbẹ̀, tó ń jẹun, tó wúkọ́.

Ní Mọ́ńdè, Ìyá Fadérera gbọ́ ara rẹ̀.
Ó bọ́ gíláàsì ojú. "Mo rò pé mo ń ràn án lọ́wọ́ ni," ló wí,
kò sì sí ẹni tó dá a lóhùn.
Ọ̀gá wa na fọ́ọ̀mù sí mi: "Buwọ́ lù ú, níbi ẹlẹ́rìí."

Mo kọ orúkọ mi síbi ẹlẹ́rìí.
Mo wò ó títí.
Mo fa ìlà sí i lórí,
mo gòkè sí àyè *Àwọn tí a fi sùn*,
mo tún un kọ.